Ta Ló Yọ Onílù Kúrò Nínú Àwo "Best of Cream"?

Orin mẹ́wàá ló wà nínú Best of Cream, àwo àkójọ orin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream tí wọ́n gbé jáde ní 1969: márùn-ún lójú kìíní, márùn-ún lójú kejì. Mo ti fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn tó kọ orin wọ̀nyí, láti orí èyí tó ṣáájú dé èyí tó kẹ́yìn. Orúkọ Jack Bruce tó ń ta gìtá béèsì wà níbẹ̀. Orúkọ Eric Clapton onígìtá wà níbẹ̀. Pete Brown, akéwì tí kì í bá wọn gun orí ìtàgé, orúkọ tirẹ̀ náà wà. George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles bá Clapton kọ ẹyọ orin kan, wọ́n sì fún òun náà ní ìpín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ginger Baker, onílù, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kò ní ẹyọ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Ọmọ Àyàn ni mí, ará Ìsẹ̀yìn. Ìyáàlù ni bàbá mi ń lù. Gúdúgúdù ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi lọ́rùn kí n tó dàgbà dé ìdí omele àti kẹríkẹrì. Nígbà tó yá mo bọ́ sí Ìbàdàn, mo jókòó ti ìlù òyìnbó, èyí tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lù, mo sì fi ń jẹun. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń kọ́ ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá ti inú irú ilé wa jáde kò lè gbọ́ orin kó má béèrè pé ta ló ń lù ú. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé ka àwo Cream nígbà tí mo rà á lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta àwo àtijọ́ ní Dùgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1966, inú ẹgbẹ́ Graham Bond ni Baker wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ti sú u. Ó lọ bá Clapton, tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà náà nítorí gìtá tó ta pẹ̀lú John Mayall, ó ní kí àwọn jọ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Clapton gbà, ṣùgbọ́n ó ní àfi tí Jack Bruce bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọ Baker lọ́rùn rárá. Òun àti Bruce ti jọ wà lọ́dọ̀ Bond, wọ́n ti jà jà jà, Baker ló sì lé Bruce kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé ìjà tì, ó lọ bá Bruce. Bí àwọn mẹ́ta náà ṣe di Cream nìyẹn. Kí ẹ rántí èyí bí a ti ń lọ: ọ̀dọ̀ onílù ni èrò ti wá.

Ẹgbẹ́ náà kò lò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ. Fresh Cream jáde ní Oṣù Kejìlá 1966, Disraeli Gears tẹ̀ lé e ní 1967, Wheels of Fire, tó jẹ́ àwo méjì nínú páálí kan, jáde ní 1968. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ṣeré ìdágbére ní Royal Albert Hall. Goodbye jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969 nígbà tí kálukú ti bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwo wọn ṣa orin mẹ́wàá jọ, wọ́n pè é ní èyí tó dára jù lọ.

Àwo tó dùn ni. N kò ní í purọ́ mọ́ ọn. "Crossroads" tó wà níbẹ̀, orí ìtàgé ní San Francisco ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní Oṣù Kẹta 1968, ó sì lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú gbogbo orin rọ́ọ̀kì tí mo ti gbọ́, kò tíì sí ibi tí àwọn mẹ́ta ti sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣubú lu ẹnìkejì. Robert Johnson, adúláwọ̀ ará Mississippi, ló ni orin náà. Ó gbà á sílẹ̀ ní 1936, ó kú ní 1938, kí wọ́n tó bí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí. "Spoonful" jẹ́ ti Willie Dixon, Howlin' Wolf ló kọ́kọ́ kọ ọ́. "Born Under a Bad Sign" jẹ́ ti Booker T. Jones àti William Bell, Albert King ló sì kọ́kọ́ fi lókìkí. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè fún onílù kò ju irú rẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ orin àkọ́kọ́ lójú kìíní, "Sunshine of Your Love". Gbogbo ọmọ tó bá ra gìtá, ohùn gìtá ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ta. Jack Bruce ló ronú rẹ̀ lẹ́yìn tó lọ wo eré Jimi Hendrix ní Lọ́ńdọ̀nù, Pete Brown fi ọ̀rọ̀ sí i, Clapton fi apá tirẹ̀ kún un. Orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ló wà lára àwo. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ìsàlẹ̀. Àwọn onílù rọ́ọ̀kì ìgbà náà, ìró kejì àti ìkẹrin ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí snare, kí àwọn tó ń jó lè rí ibi pàtẹ́wọ́ sí. Baker kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró kìíní àti ìkẹta ló gbé agbára lé, ó kúrò lórí snare, ó lọ sórí àwọn tom-tom ńlá, níbi tí ohùn ti rẹlẹ̀ tó sì nípọn. Ó ń lù ú bí ẹni tó ń bá orin náà fọhùn. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò: ẹ lu orin yìí bí wọ́n ṣe ń lu rọ́ọ̀kì yòókù, kejì àti ìkẹrin. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wojú mi, nítorí orin náà ti di òmíràn lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "White Room". Kí orin tó bọ́ sí mẹ́rin mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀, márùn-ún márùn-ún ló fi wọlé, ìlù ńlá sì ń dún gbì gbì lábẹ́ gìtá bí ẹni tó ń kéde ìwọlé ọba. Baker sọ ní gbangba pé òun lòun mú márùn-ún yẹn wá. Bruce àti Brown ni wọ́n kọ sí i pé wọ́n ni orin náà.

Ó bínú sí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹwàá 2019, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì nìkan ló ń bí i nínú. Ọ̀nà tí owó fi ń wọlé nínú iṣẹ́ orin ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ṣètò ohùn orin ló ni orin lójú òfin wọn. Nígbàkigbà tí rédíò bá lu orin náà, tí ẹlòmíràn bá tún un kọ, tí wọ́n bá fi sínú fíìmù, àwọn ni owó ẹ̀tọ́ olùkọ orin ń lọ bá. Onílù tó sọ orin náà di ohun tó jẹ́ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwo àkójọ fi léwu fún onílù ju àwo mìíràn lọ. Òun ni wọ́n ń tún tẹ̀ jù, òun ni ọmọ tuntun ń kọ́kọ́ rà, òun ló ń pẹ́ lórí àtẹ. Orin tí wọ́n bá fi sí i ń bí owó lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ gan-an nìkan ló ń wá a kiri.

Baker kò sì ṣe aláìní orin tirẹ̀. Òun àti Janet Godfrey ló jọ kọ "Sweet Wine" nínú Fresh Cream. Ó kọ "Blue Condition" nínú Disraeli Gears, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu kọ ọ́. Nínú Wheels of Fire, mẹ́ta ló bá Mike Taylor kọ, "Those Were the Days" wà lára wọn. "What a Bringdown" ló parí Goodbye. Kò sí àwo kan nínú mẹ́rin tí kò ní orin rẹ̀. Àwọn tó ṣa orin jọ fo gbogbo rẹ̀. N kò ní gbogbo wọn ló dára tó "Crossroads". "Blue Condition", lójú tèmi, kò ju orin tó ṣeé gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n "Toad" wà níbẹ̀.

"Toad" ni orin tí mo tìtorí rẹ̀ gbé kálámù. Ó wà nínú Fresh Cream, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Gìtá àti béèsì á wọlé, wọ́n á sọ gbólóhùn wọn, wọ́n á kúrò lójú agbo. Onílù á wá ku òun nìkan. Ìlù ẹsẹ̀ méjì ló tò síwájú, èyí tí kò tíì wọ́pọ̀ láàrin àwọn onírọ́ọ̀kì nígbà náà. Lọ́dọ̀ onílù Duke Ellington, Sam Woodyard, ló ti rí i. Ẹsẹ̀ á máa rìn lọ ní ìrìn kan, ọwọ́ á máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, aro á máa dún lókè bí ẹni pé kò kàn án. Nígbà tó bá yá, ọwọ́ ọ̀tún á béèrè, ọwọ́ òsì á dáhùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ omele tó ń di ọwọ́ mú fún ìyáàlù rí, yóò mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wá: ó fẹ́ dá nìkan ṣe ẹgbẹ́ onílù. Nínú Wheels of Fire, ó tún un lù lórí ìtàgé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílù rọ́ọ̀kì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti kọ́ pé onílù lè dá dúró kí èrò má sì lọ sílé.

Àwọn kan á ní orin tó tà ni wọ́n ń ṣà sínú irú àwo bẹ́ẹ̀, pé ìlù nìkan kì í tà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. "SWLABR" àti "Tales of Brave Ulysses" wà nínú Best of Cream; ẹ̀yìn àwo kékeré ni àwọn méjèèjì wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní ẹyọ. A jẹ́ pé kì í ṣe ọjà nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n á ní "Toad" gùn. "Spoonful" tó wà níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ó sì gùn ju "Toad" ti Fresh Cream lọ. Kò sí ẹ̀sùn kan tí wọ́n lè fi kan orin yẹn tí kò kan òmíràn tí wọ́n gbà wọlé. Ohun kan ló fi yàtọ̀: ìlù ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Èmi kò sọ pé ẹni mímọ́ ni Baker. Ó le, ó máa ń jà, heroin dè é mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú fíìmù Beware of Mr. Baker tó jáde ní 2012, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ló fi gbá ẹni tó ń ya fíìmù náà nímú. Ṣùgbọ́n ìwà ọkùnrin kò pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, àwọn tó ṣa orin wọ̀nyẹn kò sì sọ pé ìwà ni wọ́n fi ń díwọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé tiwa ni mo fẹ́ dé. Kí Cream tó wà rárá, Phil Seamen, onílù jáàsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pe Baker jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lu àwo àwọn onílù ilẹ̀ Áfíríkà fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ibi tí ìró wọ̀nyẹn ti wá. Ní 1971, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn eré ìdágbére Cream, ó wa Range Rover gba aginjù Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, Tony Palmer sì ń ya fíìmù rẹ̀ lọ́nà. Fẹlá ti jẹ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún yẹn kan náà, Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àwo Live! sílẹ̀ ní Abbey Road níwájú èrò, Baker jókòó sí ìdí ìlù kan, Tony Allen, ọmọ Èkó, jókòó sí ìdí èkejì. Orúkọ Baker hàn gbangba ní iwájú páálí àwo náà. Ẹni tí wọ́n kò rí ìpín fún nílé, ọ̀dọ̀ wa ló ti di ẹni à ń kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.

Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ó pè é ní Salt: Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ń kọrin, Berkely Jones ń ta gìtá, Laolu Akins náà wà níbẹ̀. Jones, Laolu àti Mike Odumosu ló wá di BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Onílù ni Laolu Akins nínú BLO. Òun yìí náà ló wá jókòó sí ìdí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí olùdarí nígbà tí Ṣínà Peters gba Ace sílẹ̀ ní 1989, àwo tó mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo bí ìlù ṣe ń rìn. Ẹni tó mọ ìlù, gbogbo orin ló mọ̀.

Ní 1973 kan náà, Baker ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni Paul McCartney ti gba orin kan nínú àwo Band on the Run sílẹ̀, Baker sì bá wọn mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ilé náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó kó sí i kò sì padà wá. Ṣùgbọ́n ní 1978, òun àti Tony Allen tún pàdé níbi ayẹyẹ jáàsì ní Berlin, àwọn méjèèjì lu ìlù nìkan, láìsí gìtá, láìsí fèrè, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n tún Live! tẹ̀ sórí CD, wọ́n fi ìlù Berlin yẹn kún un lẹ́yìn. Àwọn tó tún Live! ṣe fún ìlù láyè. Àwọn tó ṣe Best of Cream kò rí ìṣẹ́jú márùn-ún fún un. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, CD yẹn ni n óò gbé lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ júwe ilé àwọn òyìnbó nìkan, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo bá ọ̀gá oníjùjú kan lu dùndún nínú àwo kan tí a gbà sílẹ̀ ní Èkó. Ìlù mi ló ṣí orin kan níbẹ̀. Kí ọ̀gá tó la ẹnu rárá, mo ti fi ìlù kí olóyè tí orin náà wà fún tán. Nígbà tí àwo jáde, àwòrán ọ̀gá ló wà níwájú, ó tún wà lẹ́yìn. Ní ti àwa tó kù, "àti ẹgbẹ́ rẹ̀" ni wọ́n kọ. Wọ́n ti kó orin yẹn sínú àkójọ báyìí, àwọn tó ń ta CD ní gáréèjì ń lù ú, ó wà lórí fóònù. Mo ti bá a pàdé níbi ìnáwó, tí àwọn èèyàn ń náwó fún ẹni tó ń lu ohun tí mo lù, tí kò sì mọ̀ pé èmi tó jókòó sí ìdí tábìlì kejì ló ni ín. N kò bínú sí ọmọ náà. Ọ̀gá ni mo bínú sí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹ́ràn jùjú tàbí fújì, yóò ka orúkọ ọ̀gá mẹ́wàá láìmí. Ẹ ní kó dárúkọ onílù mẹ́ta tó lù fún wọn. Ní ilẹ̀ tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, tí onílù ti ń ki ọba láàfin ní àràárọ̀, ó yẹ kó tì wá lójú pé a ti gba ọ̀nà ìṣirò àwọn òyìnbó wọlé, pé ẹni tó bá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú nìkan ló ni orin.

Ẹ̀yin tó ń ṣàkójọ orin àtijọ́ wa báyìí, yálà ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sórí CD tàbí ẹ̀ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ yín. Ẹ wá àwọn onílù tó kù láyé kàn, ẹ bi wọ́n pé ta ló lu kí ni. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ orin kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lápapọ̀ ní ìsàlẹ̀ páálí. Bí ìlù bá dá dúró nínú orin, ẹ má gé e kúrò nítorí kí orin lè kúrú. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́, kí ẹ tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, ẹ bá onílù yín jókòó, kí ẹ kọ ìpín rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, ẹ má wọ inú iṣẹ́ láìní ìwé yẹn lọ́wọ́.

Ní ti Best of Cream, ẹ rà á bí ẹ bá rí i, orin gidi ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lù ú tán, ẹ fi "Toad" lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà nínú Fresh Cream.